Bọ̀dá Oníwúrà Kan

Ẹ ti bá a pàdé rí. Bí ẹ bá lọ sí òde ìnáwó kankan lágbègbè Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni ọkùnrin tó jókòó sí tábìlì tó súnmọ́ oúnjẹ, tó ń dúró kí ọ̀rọ̀ kan ogún. Ẹ lè máa sọ̀rọ̀ owó ilé, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ Arsenal, kò ní pẹ́ tí yóò fi darí rẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé bàbá mi fi wúrà sílẹ̀ fún mi." Gbogbo wa la mọ̀. A ti mọ̀ láti ọdún tí a sin bàbá.

Bọ̀dá Oníwúrà là ń pè é, bẹ́ẹ̀ wúrà ọ̀hún kò ju ẹyọ kan lọ. Owó Ìlú Ọba tí wọ́n ń pè ní sovereign ni, ti ọdún 1911. Orí Ọba George Karùn-ún wà lójú kan, George Mímọ́ wà lórí ẹṣin lójú kejì, ó ń bá dírágónì jà. Kò tó gíráàmù 8. Bàbá rẹ̀ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ tó jẹ́ oníṣòwò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Títí dé ibẹ̀, mo gba ìtàn náà gbọ́, torí kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìgbìmọ̀ owó kalẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1912, owó Ìlú Ọba gan-an ni wọ́n ń ná ní Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fàdákà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fún bàbá àgbà? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, akọ̀wé òyìnbó kan ni, tó fi san gbèsè epo pupa. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, akọ̀wé ti di ọ̀gá ọkọ̀ òkun. Kérésì tó kọjá, ó ti di gómìnà. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí di ọdún tó ń bọ̀, Ọba George fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Màrínà.

Ọ̀rọ̀ gíréèdì ló wá gbòde báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dá a sílẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n." Ó dárúkọ PCGS, ó dárúkọ NGC, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti 1986 àti 1987. Wọn á yẹ owó náà wò fínnífínní, wọn á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọn á sì dé e mọ́ inú ike tí kò ṣeé ṣí láìfọ́ ọ. Bọ̀dá bèèrè ìdí tó fi jẹ́ 70 tí kì í ṣe 100. Ìbéèrè gidi ni, mo yìn ín fún un. Ọ̀gbẹ́ni Sheldon kan ló là á kalẹ̀ ní 1949 fún sẹ́ǹtì bàbà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà: èyí tó bá gba 70, kí iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 70 ti èyí tó gba 1. Iye owó ti sá kúrò nínú ìṣirò yẹn tipẹ́, máàkì ló ṣẹ́kù. Bọ̀dá mi orí bí ẹni pé àna rẹ̀ ni Sheldon.

Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́rìndínlógún. Ó ti bi pásítọ̀, ó ti bi àfáà, ó ti bi onígbàjámọ̀ rẹ̀ ní Peckham. "Ṣé kí n fi ránṣẹ́ ni, àbí kí n má fi ránṣẹ́?" Ẹni tó bá ní kó fi ránṣẹ́, á sọ fún un pé àwọn ará Amẹ́ríkà lè pàrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó má fi ránṣẹ́, onílara ni.

Èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ àwọn olówò wúrà ní Hatton Garden. Olówò tó gbà wá lálejò fi awò kékeré sójú. Ó wá lẹ́tà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Bó bá jẹ́ Sydney ni wọ́n ti lù ú, S ni ì bá wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti lù ú. Ó ní èyí tí wọ́n lù ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù 30. Ó ní iye wúrà inú rẹ̀, gíráàmù 7.3, ni iye rẹ̀, àti pé owó iṣẹ́ àwọn onígíréèdì, owó ìfiránṣẹ́ àti owó adójútòfò lè gbé gbogbo èrè mì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi dókítà: "Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Bọ̀dá wo àjà. Gbogbo òde ìnáwó tí a ti ń rí wúrà yìí, ọṣẹ ìfọyín ló fi ń ha á kí ó lè dán lójú ẹgbẹ́. Bí àwọn onígíréèdì bá sì ti rí àpá bẹ́ẹ̀, wọn kì í fún owó ní máàkì kankan mọ́. Wọn á kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́.

"Òyìnbó yìí fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni," ni Bọ̀dá wí bí a ṣe jáde. Ó ní sovereign tí wọ́n ta ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2020 ńkọ́? Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ti Ọba Edward Kẹjọ ni ìyẹn, ti 1937, ọba tó ti kúrò lórí ìtẹ́ kí owó rẹ̀ tó jáde. Ó ní, "Ṣé sovereign kì í ṣe sovereign ni?"

A wọ bọ́ọ̀sì 63. A ò tíì dé Blackfriars tí fóònù fi dún. Àbúrò rẹ̀ ni, láti Ṣómólú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira ibẹ̀ o. Owó wúrà Bàbá ńkọ́? Màmá Kékeré tún ń bèèrè."

"Wúrà wo? Ẹyọ owó àtijọ́ yẹn? Kò já mọ́ nǹkan kan o! Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún mi tán báyìí ni. Mílíọ̀nù 30 ni wọ́n ṣe!"

Kí a tó kọjá afárá, ọ̀daràn Hatton Garden ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́. Bí wọ́n bá pín ogún ní ìdí-igi, wúrà ọ̀hún di ìdá mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ó di ìdá mọ́kànlá. Wọn kò tíì pín in rí. Bọ̀dá ló wà lẹ́bàá ibùsùn lọ́sìbítù, àpò rẹ̀ ló sì bọ́ sí. Ike àwọn onígíréèdì sì ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti rí ohun tí wọ́n sọ nípa owó náà. Fóònù sì pọ̀ ní Ṣómólú. Iye méjì ni wúrà yìí ní: ilé kan lódindi ní òde ìnáwó, kọ́bọ̀ lórí fóònù. Gíréèdì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún owó kan.



Wúrà ti padà sínú agolo Bournvita lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ̀ kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Sátidé tó ń bọ̀, ìnáwó wà ní Old Kent Road, ọṣẹ ìfọyín kò sì tíì tán. Bí ó bá gbé e jáde fún yín, ẹ fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ bèèrè iye rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dá a lójú pé ẹ kò mọ ẹnì kankan ní Ṣómólú.