Ariwo àti Ìdákẹ́jẹ́ ní Ìlọrin: Àkọsílẹ̀ Àṣìṣe Olùgbafẹ́ Kan

Nínú àwọn ibi tí olùgbafẹ́, ìyẹn ẹni tó fi ilé sílẹ̀ láti lọ najú níbòmíràn, máa ń yà sí, Ibiza, erékùṣù Sípéènì tó wà nínú Òkun Mẹditaréníà, gbajúmọ̀ fún ohun méjì tí kò jọra: ilé ijó òru bíi ti San Antonio, àti abúlé tó pa rọ́rọ́ bíi Santa Gertrudis. Ilẹ̀ ló pààlà sí méjèèjì níbẹ̀, nítorí ẹni tí ariwo bá sú kò ní ju kó wọkọ̀ lọ sí àárín erékùṣù. Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara láti 1967, ní ariwo àti ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù àti wákàtí ló pààlà sí wọn. Àìmọ èyí ló kó òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí, ẹni tí owó Ibiza kò sí lápò rẹ̀, sínú ìtìjú.

Tanke, àdúgbò tó wà lójú ọ̀nà Yunifásítì Ìlọrin, ló kọ́kọ́ gba yàrá sí, nítorí ó gbọ́ pé súyà àti orin kì í jẹ́ kí ibẹ̀ sùn. Kò béèrè pé ta ló ń náwó tó ń mú ariwo ọ̀hún wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n sì ti gba ìsinmi lọ sílé. Nígbà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, tó fín lọ́fínńdà, tó sì jáde lóru láti lọ jó, ọlọ́dẹ kan ṣoṣo ló bá, ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti orí dé bàtà, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ṣìnà?”

Ó wá gbà pé ìlú ìdákẹ́jẹ́ ni Ìlọrin, ó sì kó lọ sí ìtòsí Ọjà Ọba, nínú ìlú àtijọ́, kó lè sùn àsùnwọra, láìrántí pé oṣù Ààwẹ̀ ti wọlé. Kí ìdájí tó pé, àwọn ọ̀dọ́ ti ń lu ìlù àti garawa kiri láti jí àwọn èèyàn sí sààrì, ìyẹn oúnjẹ tí aláàwẹ̀ ń jẹ kílẹ̀ tó mọ́. Irú orin bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní wéré, ni Síkírù Àyìndé Barrister tún ṣe tó fi di fújì. Olùgbafẹ́ náà yọrí lójú fèrèsé, ó ké sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ó kúkú ti jí, wọ́n sì kí i kú ààwẹ̀. Ìyá onílé gbé tùwó gbígbóná tọ̀ ọ́ wá, ó ní, “Àlejò wa, ẹ tètè jẹun kílẹ̀ ó tó mọ́.” Ó jẹ ẹ́ nítorí ìtìjú, ojú ò sì jẹ́ kó lè jẹ búrẹ́dì níwájú ìyá náà lọ́sàn-án, débi pé ẹni tó wá gbafẹ́ gbààwẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ìtàkìtì omi Òwú, tó ga tó nǹkan bíi 120 mítà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, kò gbè é, nítorí ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló lọ síbẹ̀, omi sì ń kán tín-ín-rín bí itọ́ ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ìyàwó gbígbé tún bẹ̀rẹ̀, dadakúàdà sì bá a dé. Orin ìbílẹ̀ Ìlọrin ni èyí, tí Odòlayé Àrẹ̀mú sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, oríkì àti ẹ̀fẹ̀ sì máa ń wọnú ara wọn nínú rẹ̀. Nígbà tí olórin kọjú sí olùgbafẹ́ náà níbi ìyàwó kan, ó rò pé oríkì ni, ó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tó jókòó tì í ló ṣàlàyé pé àlejò tó gbààwẹ̀ láìmọ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó tún fún olórin lówó kó lè fi òun sílẹ̀; olórin dúpẹ́, ó sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.