Bàálù Kì í Gbààwẹ̀

Ẹ̀yin olówó wa, ẹ kú ìnáwó. Mo gbọ́ pé jíìpù ti sú yín, pé bàálù kékeré lẹ ń wá báyìí. Ó tọ́ sí yín. Kò yẹ kí ẹ máa bá irú wa jẹ eruku lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀wédowó, ẹ fetí sí èmi tí mò ń wọ dánfó.

Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á sílẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó ń jẹ. Kódà lọ́jọ́ tí kò bá fò, ó ń jẹun: owó ibùdó, owó adójútòfò, owó oṣù awakọ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún.

Cessna 172, tó ti délé ayé láti 1956, ni kì í ṣe alájẹkì. Nǹkan bíi lítà 32 ló ń mu ní wákàtí kan, tí á fi rin bíi kìlómítà 220. Ìjókòó mẹ́rin ló ní, àmọ́ ìjókòó mẹ́rin kì í ṣe èèyàn mẹ́rin o! Bí ẹ bá rọ epo kún táǹkì, bíi kílò 250 ló kù fún èèyàn àti ẹrù. Olóyè tí wọn kò fi iyán ṣeré láti ọjọ́ tí wọ́n ti joyè, Ìyá Ààfin, awakọ̀: ó ti kún nìyẹn. Kúlà ọbẹ̀ á bá ilẹ̀ bọ̀. Agbádá náà, ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ìwọ̀n.

Bí ìyẹn bá kéré lójú yín, Cirrus SR22 wà. Ó ń sá tó kìlómítà 330 ní wákàtí kan, epo rẹ̀ sì jẹ́ bí ìlọ́po méjì ti Cessna. Ó ní paráṣúùtì tó lè gbé odindi bàálù wálẹ̀ bí nǹkan bá yíwọ́. Bí ẹ fà á, bí ẹ kò fà á, ní ọdún kẹwàá ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ á sì lé ní 10,000 dọ́là. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì méjì ló ń fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ra Baron, wọ́n ń rọ epo fún méjì, wọ́n ń tún méjì ṣe, eré rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti Cirrus lọ. Àwọn awakọ̀ àgbà máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kejì ni láti gbé yín dé ibi tí ẹ ó já sí.

Ohun mìíràn: avgas ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń mu, kì í ṣe epo tí wọ́n ń rọ sí bàálù ńláńlá. Ẹ bèèrè ní pápákọ̀ òfurufú yín bóyá wọ́n ní in kí ẹ tó pe pásítọ̀ wá yà á sí mímọ́.

Pilatus PC-12 kò ní wàhálà yẹn. Jet A-1 ló ń mu, bíi lítà 230 ní wákàtí kan, ó ń sá tó kìlómítà 500, ó sì lè balẹ̀ sórí pápá kúkúrú tí kò lọ́dà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ láti tún un ṣe, owó náà á kọ́lé sí Bódìjà, á ṣẹ́kù fún ìṣílé.

Jẹ́ẹ̀tì ṣáá ni Olóyè fẹ́. HondaJet ń sá tó kìlómítà 780. Èkó sí Àbújá jẹ́ bíi kìlómítà 510 lófurufú: PC-12 á lo wákàtí kan àti díẹ̀, jẹ́ẹ̀tì á fi bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú! Olóyè sì ti lo wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Lẹ́kí dé Ìkẹjà. Bó bá wá jẹ́ Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ ńkọ́? Òkè réré ni jẹ́ẹ̀tì ti ń mọ epo ṣọ́; nísàlẹ̀, bí ọ̀mùtí ló ń mu ún. Kó tó gòkè tán, Àkúrẹ́ ti dé.

PC-12 ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó níṣẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ torí kí àna lè rí yín ni, ẹ háyà jẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kan, ẹ ya fọ́tò, ẹ dá a padà. Kí ẹ ṣáà wo ìwé àṣẹ rẹ̀ dáadáa: ní Nàìjíríà, bàálù tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ ìlò ara ẹni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò.