Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ní Áténì

Àìsàn kan ń bá mi fínra tí dókítà ò lè wò. Bí mo bá ti rí ohun tí wọ́n gbé sínú gíláàsì, tí wọ́n tan iná sí i, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, n ó fẹ́ ṣàlàyé. Bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, n ó ṣàlàyé rẹ̀, torí mo gbà pé ohun tó bá dákẹ́ sẹ́yìn gíláàsì kò lè já mi nírọ́. Ìlú Áténì ni mo ti rí i pé ó lè já mi.

Museum of Cycladic Art ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí mo ń wí, ní àdúgbò Kolonaki. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣí i, kí ohun tí Nikolaos Goulandris àti Dolly ìyàwó rẹ̀ ti kó jọ lè ríbi dé sí. Ilé alájà mẹ́rin ni, kò tóbi. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, bí èèyàn bá sọ ìsọkúsọ, ariwo èrò á bò ó mọ́lẹ̀. Níbí, bí o bá húkọ́ ní yàrá kan, wọ́n lè kí ọ pẹ̀lẹ́ láti yàrá kejì.

Ìyàwó mi ti bẹ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ìran la wá wò o. A ò wá kọ́ wọn."

Mo ní kò séwu.

Àjà kejì, níbi tí iṣẹ́ ọnà àwọn Gíríìkì wà, la kọ́kọ́ gùn lọ. Ìgò amọ̀ kan wà níbẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ funfun, wọ́n sì fi ìlà wínníwínní ya àwòrán èèyàn sí i. Mo bọ́ síwájú. Mo ní ìgò lọ́fínńdà ìyàwó ni, pé ọkọ ìyàwó ló máa ń gbé e lọ sílé àna. Àlàyé náà dùn mọ́ èmi fúnra mi débi pé mo ṣèlérí fún Ìyá Ìbejì pé n ó wá irú rẹ̀ rà fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Kò fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. Lekythos ló ń jẹ́. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Áténì a máa rọ òróró sínú irú rẹ̀, wọn a sì gbé e síbi sàréè fún òkú wọn.

"Ẹ ṣeun," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ kúkú ra pósí mọ́ ọn."

Nígbà tí mo délé ni mo tó kà á pé àwọn amọ̀kòkò mìíràn máa ń mọ ife kékeré pamọ́ sábẹ́ ọrùn ìgò náà, kí òróró díẹ̀ lè tètè dé ẹnu rẹ̀, kí ayé sì rò pé ó kún dé ìdí. Kóńgò onígàrí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ni, òkú ni wọ́n kàn ń wọ̀n ọ́n fún. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ náà, ǹ bá rí nǹkan fi bo ìtìjú.

Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo ní ká ya fọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan dúró lẹ́bàá ògiri. Mo na fóònù sókè, mo tọ́ka sí iná rẹ̀, mo fojú bi í bóyá ó dáa. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi ahọ́n ta "tsk" lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbé àgbọ̀n sókè sí ọ, "máa bá a lọ" ló ń wí. Ti ahọ́n yẹn ò yé mi, mo rò pé ẹran ló há a léyín. Mo yà á, iná kọ mànà. Ó tún gbé àgbọ̀n sókè, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, wò ó, ó ní ká tún un yà." Mo tún un yà. Àfìgbà tó rìn wá, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù mi, ni mo tó mọ̀ pé bí àwọn Gíríìkì ṣe ń sọ pé "rárá" nìyẹn.

Ó yẹ kí ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Àmọ́ a sọ̀ kalẹ̀ sí àjà kìíní, mo sì rí àwọn ère.

Òkúta mábù funfun ni wọ́n. Wọ́n gbẹ́ wọn ní àwọn erékùṣù Cyclades láàárín ọdún 3200 sí 2000 ṣáájú ìbí Kristi. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ká apá lé ikùn, òsì lórí ọ̀tún. Ojú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, imú nìkan ló yọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kan sì wà tó ga tó mítà 1.40. Ojú tó dà bíi pé ó ṣófo yẹn, wọ́n ti kun ún rí: wọ́n fi búlúù ya ẹyinjú, wọ́n fi pupa ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóge. Àwọn tó gbẹ́ wọn ò fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wa.

Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì, tí mo mọ ère ìbejì láti kékeré, mo wo ìfarabalẹ̀ ojú wọn, mo wo bí orí ṣe gba iwájú lọ́wọ́ ara, ọkàn mi ní, "Tiwa nìyí." Mo yíjú sí màmá àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ yàrá náà, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo là á fún un pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ Gíríìkì. Mo ní a ti rí iṣẹ́ Gíríìkì lókè. Eléyìí, ẹnì kan ló gbé e wá láti Áfíríkà, àbí kó jẹ́ pé agbẹ́gilére wa kan ló rìn débí.

Màmá ò bínú. Ó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ifẹ̀.

"Ifẹ̀? Níbi tí ará Jámánì yẹn lọ?"

Leo Frobenius ló ń sọ, mo sì ti rí ẹni rojọ́ fún. Mo ní ọdún 1910 ló dé Ifẹ̀, tó rí orí idẹ láti igbó Olókun, tó rí orí amọ̀. Wọ́n dára ju ohun tó gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú lè ṣe lọ, ló bá kéde pé àwọn Gíríìkì ìgbàanì, àṣẹ́kù Atlantis, erékùṣù inú ìtàn àròsọ tí wọ́n ní ó rì sókun, ló tẹ̀dó síbẹ̀. Olókun wa, ó ní Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ni! Mo na ìka sókè. Mo ní irú àfojúdi wo nìyẹn, kéèyàn wọ ilé onílé, kó rí ohun tó rẹwà, kó ní àlejò ló gbé e wá?

Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wo ère, ó wò mí.

"Ṣé ẹ̀san lẹ wá gbà?"

Ìyá Ìbejì wá ìjókòó kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Màmá ló wá ṣàlàyé fún mi, èmi sì dákẹ́. Ó ní ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ka àwọn ère náà sí iṣẹ́ ẹni tí ò mọ ère gbẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Picasso, Modigliani àti Brancusi, tí ère ilẹ̀ Áfíríkà ti là lójú, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé padà wò wọ́n. Ìyìn dé, olè dé: wọ́n hú sàréè kiri erékùṣù, ọ̀pọ̀ ère ò sì mọ ojúlé rẹ̀ mọ́.

Mo rò ó títí. Mo ti ń bú Frobenius bí ẹni tí ò lójú. Ó lójú. Ohun tó rí wù ú gan-an ni, kò kàn lè gbà kó jẹ́ ti onílé. Èmi náà nìyẹn.

Mo ti ń gbìyànjú láti yíwà padà, ṣùgbọ́n ẹnu ò gbọ́. Láìpẹ́ yìí, Ìyá Ìbejì se ẹ̀gúsí kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbé ìka mì. Mo ní bó ṣe dùn tó yìí, ó dájú pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ti kọ́ ọ.

Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Frobenius," ló wí, "ẹ fi ọbẹ̀ mi sílẹ̀ fún mi."