Wọ́n Ti Ta Ojúde Bàbá Wọn

Háà! Ẹ súnmọ́ ibí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Ṣé ẹ ti gbọ́ àrà tí wọ́n ń fi ilẹ̀ dá ní Ìsẹ́yìn? Wọ́n ní agbo ilé kan ta ojúde wọn. Kì í ṣe oko o. Kì í ṣe ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Ojúde! Ibi tí àwọn baba ńlá wọn ń na òwú òfì sí gbọọrọ, tí òkúta ìkángun rẹ̀ ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn sí i. Ẹni tó rà á ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Àwọn ahunṣọ wá ń na òwú lọ sétí títì, kí ọlọ́kadà má baà tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń gbàdúrà. Ojú ò tiẹ̀ wá ti àwọn tó ta ojúde?

Èmi ò ní kí ìlú má dàgbà. Ìjọba Ṣèyí Mákindé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, a dúpẹ́. Yunifásítì LAUTECH gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wá, àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí ọ̀dà ti gbẹ lójú títì, gbogbo ẹni tó ní fóònù ti di ajẹ́ńtì. Ọmọ tí kò mọ ààlà oko bàbá rẹ̀ ń ya fídíò ilẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará London. Àwọn yẹn náà, owó pọ́n-ùn kì í jẹ́ kí wọ́n nájà! Iye tí wọ́n bá pè fún wọn ni wọ́n ń san. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà kò lè dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́.

Àwọn onílé ńkọ́? Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí ṣáláńgá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ti di ilé ìgbàlódé nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ dé. Wọ́n ní kí tíṣà tó ń gbébẹ̀ kó jáde. Bí ẹ bá bi onílé, á ní sìmẹ́ńtì ló fà á tí owó ilé fi ga. Lóòótọ́, àpò tó ń lọ ní nǹkan bí 5,500 náírà lọ́dún 2023 kọjá 10,000 níbẹ̀rẹ̀ 2024. Ṣùgbọ́n ilé tí bàbá rẹ kọ́ láyé Gowon, àpò sìmẹ́ńtì 2024 mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Ti Ṣakí ló dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ará Ṣakí ló ṣòwò lápá àríwá Ghana láyé ijọ́un, tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé sílé. Nígbà tí ìjọba Busia ti Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 1969, ẹni tó ti kọ́lé sílé ló ríbi forí pamọ́ sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ ń tà báyìí. Wọ́n ní ọ̀kan ta ti ìdílé wọn láìsọ fún ẹ̀gbọ́n kankan, ó fi ra mọ́tò, ó fi ìyókù ṣègbéyàwó, ó ń da owó sí olórin lára bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti di ayálégbé. Ọmọ Ṣakí, ayálégbé ní Ṣakí! (Ìyàwó ọ̀hún ti padà sílé ìyá rẹ̀, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́.)

Ẹ má sì dá àwọn ọmọ nìkan lẹ́bi. Àwọn àgbà tó ń tẹ̀ka sínú ìwé dà? Wọ́n á ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì. Ẹni àkọ́kọ́ á ti Èkó dé, á bá òrùlé ẹlòmíì lórí ilẹ̀ rẹ̀. "Ẹ ní sùúrù, a ó fi ibòmíì dí i fún yín." Èyí tó ń sọ ọ́ yìí, sàfù iwájú ló máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí o!

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àmọ́ àṣà ilẹ̀ ẹbí ò tìtorí ẹ̀ kú. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni níwájú adájọ́. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ kí àwọn aṣáájú ìdílé mọ̀, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ pe olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan jókòó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá sì ní ojúde ni wọ́n fẹ́ tà, ẹ má rà á.