Ọ̀gágun Mẹ́ta Lábẹ́ Àtíbàbà Kan

Ìsìnkú ìyá àgbà kan ló gbé mi dé Ifọ̀n, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́jọ́ Sátidé kan. A ti jókòó, a ń retí jọ̀lọ́ọ̀fù, nígbà tí olóòtú ètò gba máìkì, tó ní: "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀gágun wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé o!" Ọkùnrin mẹ́ta ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ àtíbàbà kan. Wọ́n juwọ́ sí èrò, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà náà ni wọ́n tó rí ara wọn.

Mo bi ọmọ ìlú tó jókòó tì mí pé ta ni Ọ̀gágun gan-an nínú wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ni." Ti àkọ́kọ́ fẹ̀yìn tì ní mejọ̀. Ti ìkejì jẹ́ sájẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù àwọn sójà. Kò yìnbọn mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní dépò. Ti ìkẹta kò wọ aṣọ ológun rí láyé, ṣùgbọ́n ó gba kọńtíráàtì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní bárékè kan, orúkọ sì mọ́ ọn lára láti ibẹ̀. Olóòtú ètò mọ ibi tí ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń jiná, ó kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di owó níná, agbaṣẹ́ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí ló ná an jù. Kí a tó fọwọ́ nù, ó ti di Fíìlì Máṣà.

Ẹ̀yin ará, kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kan tó di Fíìlì Máṣà rí. Idi Amin ní Ùgáńdà ló fi í jẹ ara rẹ̀. Ifọ̀n wá fi í jẹ ẹlòmíràn lọ́sàn-án gangan, láàárín ẹ̀bà àti ìrẹsì.

N kò fi ipò ológun ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá dé ọ̀gágun ní tòótọ́, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ọmọ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Kàdúná, ìràwọ̀ kan ni yóò kọ́kọ́ gbé léjìká. Láti orí ìràwọ̀ kan yẹn dé Jẹ́nẹ́rà pátápátá, àkàsọ̀ mẹ́wàá ni, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ lé ń kéré sí i bí a ti ń gòkè. Ìdánwò wà, ìgbìmọ̀ ìgbéga wà, ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ sì wà tó ń dúró dè ọ́ bí agbowó-orí. Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì ń ṣe mí láàánú pọ̀ mọ́ ọn, ni pé èèyàn lè ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa kí ó sì lọ sílé nítorí pé àbúrò rẹ̀ ṣe dáadáa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu mú Taoreed Lagbaja (kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un) láti inú kọ̀ọ̀sì 39, ìyẹn ẹgbẹ́ tó jọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ológun, ṣe olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀. Àṣà wọn ni pé àgbà kì í kí ọmọdé ní sàlúùtì. Bí wọ́n ti pe Lágbájá kan báyìí, tẹ̀mẹ̀dù àti làkáṣègbè tó ṣáájú rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ní láti di ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò bí olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ olùkọ́ kékeré kan di ọ̀gá ilé-ìwé l'Ọ́wọ̀, gbogbo tíṣà tó jù ú lọ yóò palẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mọ́, ilé-ìwé yóò ku òun àti agogo. Nílé wa, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yan Ọlọ́wọ̀, ọba wa, Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnóyè, lọ́dún 2019, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Àwọn tó jù ú lọ nínú ẹbí ń bẹ, àwọn tó jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ l'Ákúrẹ́ ń bẹ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kádé pẹ́ lórí, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó fẹ̀yìn tì nítorí pé ọmọdé di bàbá.

Kódà ètò ìgbéga ti wà ní ilẹ̀ wa kí òyìnbó tó kó bẹ́ẹ̀rẹ̀ẹ́tì dé. Ẹgbẹ́ ni àwọn baba wa ń tò, ọjọ́ orí sì ni wọ́n fi ń tò ó. Ẹgbẹ́ kan á máa ro ọ̀nà, òmíràn á máa ṣọ́ ìlú, ẹni tó bá sì dàgbà tó á ṣe ọdún Ero, á fi ayẹyẹ fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ ìlú, tọmọtọmọ, tẹbítẹbí. Ìdánwò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kí o má tètè kú. Kò sí pé o mọ ẹnì kan l'Ábújá.

Ṣùgbọ́n ipò orí ìwé àti ipò ojú ènìyàn kì í ṣe ìbejì, àwọn ológun fúnra wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Keje ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn sójà tó dìtẹ̀ mú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, lọ n'Ìbàdàn, Bìrìgẹ́díà Babáfẹ́mi Ògúndípẹ̀ ló kù tó jẹ́ àgbà jù. Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ó pàṣẹ fún ọmọ ogun kékeré kan, onítọ̀hún sì dá a lóhùn pé òun kò ní ṣe é àfi tí kápútéènì òun bá wí. Ẹ fojú inú wo bìrìgẹ́díà odidi, pẹ̀lú gbogbo irin tó wà léjìká rẹ̀, tí ọmọ ogun ń ní kó dúró de kápútéènì. Kò pẹ́ tó fi gba Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà. Gowon, tó jẹ́ Lẹ́fútẹ́nántì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ló gba ìjọba, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, ò sì yé pariwo pé ta ló jẹ́ àgbà nínú wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1967, Gowon ti di Mejọ̀-Jẹ́nẹ́rà. Ọ̀rọ̀ àgbà parí síbẹ̀ lórí ìwé. Ní pápá, ogun abẹ́lé ló kàn.

Gowon yìí kan náà ni wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1975, nígbà tó wà ní Kampala. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá àwọn ọmọdé tò sórí ìlà oúnjẹ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Lóde òní, ìlara rẹ̀ ni mò ń ṣe. Ẹni tó ti jẹ́ Jẹ́nẹ́rà, tó sì lè to sórí ìlà gba ìrẹsì láìbínú, ẹni náà ti rí ohun tí Fíìlì Máṣà Ifọ̀n ń fi owó wá kiri. Nítorí ọkùnrin Ifọ̀n yẹn kò to ìlà kankan. Ẹni tó rán lọ gba oúnjẹ náà kò to ìlà.

A ní ọ̀gágun tí tirẹ̀ dájú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tí Ifọ̀n wà, ẹ má gbàgbé. Mejọ̀-Jẹ́nẹ́rà Olúfẹ́mi Olútóyè ti Ìdó-Àní ti gba oyè yunifásítì, ó sì ti ń ṣe tíṣà kó tó wọṣẹ́ ológun, láyé ìgbà tí òbí ń sunkún bí ọmọ tó mọ̀wé bá ní òun fẹ́ di sójà. Ó ṣe kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó sì di Aláàní, ọba Ìdó-Àní. Ìyẹn ni mo pè ní ìgbéga! Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń ké mọ́ nígbà kan rí, ọ̀gá yẹn bá wọ Ìdó-Àní, ilẹ̀ ni yóò fàyà gbá. Aláké ti Ẹ̀gbá náà, Ọba Adédọ̀tun Gbádébọ̀, kọ́nẹ́ẹ̀lì ni kó tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 2005. Bóyá ohun tí bárékè ń kọ́ wọn ni bí a ti ń jókòó pẹ́ nípàdé.

Kọ́púrù kan wà ládùúgbò mi l'Ọ́wọ̀. Ó bá àwọn ọmọ ogun ECOMOG dé Làìbéríà, ó sì bá ọta dé, ọ̀kan ṣì wà ní itan rẹ̀. Bàtà ló ń tún ṣe báyìí. Kò sí olóòtú ètò kan tó pè é ní Ọ̀gágun rí. "Baba Sójà" là ń pè é, àwọn ọmọdé a sì máa kí i ní sàlúùtì láti fi ṣeré. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yẹn tẹ́ yín lọ́rùn?" Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Èwo nínú rẹ̀, ọmọ mi? Iṣẹ́ ni, àbí owó iṣẹ́?" Iṣẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tó fẹ̀yìn tì ló ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ètò ìnáwó l'Ábújá, tí wọ́n ń bèèrè àjẹmọ́nú wọn. "Wọ́n gbà wá wọlé ní ọ̀dọ́, wọ́n ní ká máa sáré. A ti darúgbó, wọ́n ṣì ní ká máa sáré."

N kò ní ṣẹ̀fẹ̀ níbi tó kàn yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sílé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Òwálúwà, l'Ọ́wọ̀ níbí, lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pa bí ogójì ènìyàn. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ Ọ̀wọ̀ ló ń gba àwọn tó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí àwọn ènìyàn kígbe pé ẹ gbà wá, kò sí ọkùnrin mẹ́ta tó dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún Igógó wa yóò dé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé nígbà Igógó, nítorí Olorì Ọ̀rọnsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ kan láyé àtijọ́, ìlù kì í dún, agogo nìkan ni. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí kò sí ipò kankan lókè tirẹ̀ nílùú, a dirun bí obìnrin, a sì jó káàkiri. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ẹ́tì ò sí, fìlà aláràbarà ò sí, onílù kò sí níbẹ̀ tí yóò máa ki ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Orí lásán ni gbogbo wa yóò gbé jáde.

Mo pe olóòtú ètò Ifọ̀n lórí fóònù pé kó wá bá wa ṣe é lọ́dún yìí, kó wá fi máìkì rẹ̀ mọ ta ni Ọ̀gágun nínú gbogbo orí wọ̀nyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá. Mo ní kó mú Fíìlì Máṣà dání. Ó pè mí padà lọ́jọ́ kejì: Fíìlì Máṣà ní ká bá òun kí wọn, òun ní ìrìn-àjò lọ́sẹ̀ náà.