Ọ̀gbẹ́ni Akọ́sórí Ń Wá Ibi Tí Yóò Ti Ṣe IT

Ẹ ti pàdé rẹ̀ rí. Bí ẹ bá wọ danfó láti Kétu lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ni ọmọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú nínú ooru, tó gbá fáìlì mọ́ àyà, tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Ìyá àgbà tó jókòó tì í rò pé Sáàmù ló ń kà, ó sì ń bá a ṣe àmín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń kà ni pé, "Àléébù mi tó burú jù ni pé mo máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré." Kọ̀ńdọ́ ń béèrè owó, kò gbọ́. Wọ́n kọjá Ọjọ́ta, kò gbójú sókè.

Ọ̀gbẹ́ni Akọ́sórí ni mo ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ orúkọ náà ń yí padà láti iléèwé kan sí òmíràn, ìwà ni kì í yí. Ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa kẹ́mísírì ni èyí tí mò ń sọ yìí, ó sì ti kan òun náà láti lọ fojú rí iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní IT. Ètò yìí ti pẹ́. Láti ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Jos, ti dá ètò náà, SIWES, sílẹ̀, torí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń ké pé àwọn tó ń jáde níléèwé mọ ìwé, wọn ò mọ iṣẹ́. Ọmọ yunifásítì á lo oṣù mẹ́fà, ọmọ pólì tó ń ṣe OND á lo oṣù mẹ́rin. Á máa kọ ohun tó bá ṣe lójúmọ́ sínú lọ́gìbúùkù, ọ̀gá á máa buwọ́ lù ú, olùkọ́ kan á ti iléèwé wá wò ó bóyá lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó sì fọwọ́ kàn án, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ iléeṣẹ́ kì í gba ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní kó wá ṣe íńtáfíù. Ọjọ́ tí ìpè yẹn bá dé ni Akọ́sórí máa ń di ẹlòmíràn.

Ọ̀gá kan wà lórí WhatsApp, tí òun náà ṣì ń wá iṣẹ́, tó ń ta PDF kan tó kó àádọ́ta ìbéèrè pọ̀ mọ́ àádọ́ta ìdáhùn. Akọ́sórí á rà á. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló máa ń ṣe ìgbìmọ̀: á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, abọ́ gàrí lọ́wọ́, á ní, "Sọ díẹ̀ fún wa nípa ara rẹ." Akọ́sórí á mí kanlẹ̀, á tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. "Mo jẹ́ ẹni tó ní àfojúsùn, tó ní ìtara, tó sì máa ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀." Bó bá fo "ìtara," ó di dandan kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí ìtara ló ń fa èyí tó kàn. Títí gàrí fi máa wú nínú abọ́, kò ní í sọ orúkọ ìlú rẹ̀ tàbí iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Àwọn yẹn ò sí nínú PDF.

Kí ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Bó bá fi ìdajì aápọn yìí sínú kẹ́mísírì, olùkọ́ rẹ̀ ì bá ti mọ orúkọ rẹ̀.

Kóòtù tó wọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ni ín. Òkìrìkà tí ẹnìkan rà ní Yábàá láyé ọjọ́un ni, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ dé báńkì, dé iléeṣẹ́ epo, dé iléeṣẹ́ oògùn. Bí kóòtù yẹn bá lẹ́nu, òun ni wọn ì bá ti gbà síṣẹ́, torí kò sí ìbéèrè tí kò tíì gbọ́ rí.

Inú CV rẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dùn mọ́ mi jù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì fi íńkì dúdú kọ ọ́ kó hàn, pé òun lè ṣiṣẹ́ láìsí alábòójútó. Ẹ gbọ́ mi ná. Ọmọ tí ìjọba, iléèwé àti òbí para pọ̀ rán wá pé kí wọ́n bá wa bójú tó o, kó má baà fi ásíìdì fọwọ́, òun ló ń sọ fún iléeṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣèyọnu. Ibi tó ti wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n náà wo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. Ó ní òun fẹ́ràn ìrìn àjò pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ni ibi tó jìn jù tó dé rí, ìgbéyàwó ló sì lọ jẹ.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń retí ìpè, àwọn méje ló jókòó. Àwọn méjèèje ni àléébù wọn jẹ́ pé wọ́n ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré. Nínú wọn, ẹni méjì gbàgbé fọ́tò pélébé sílé, ẹnìkan ṣi orúkọ iléeṣẹ́ kọ sára àpòòwé, ẹnìkan sì rèé, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n pè é fún. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun kì í tètè jí, tàbí pé bí wọ́n bá jágbe mọ́ òun, ohùn òun kì í jáde mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn gan-an ló sì yẹ kí ọ̀gá tó fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ mọ̀.

Ìbéèrè ọdún márùn-ún ńkọ́? "Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, níbo lo máa wà?" Oṣù mẹ́fà ni ọmọ yìí fẹ́ lò, bóyá owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sì máa fún un. Àmọ́ Akọ́sórí ti há a sórí: "Mo rí ara mi nípò alákòóso nínú iléeṣẹ́ yín yìí." Alákòóso ló ń sọ ọ́ fún, lórí àga alákòóso náà. Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé Kánádà ni ìdáhùn yẹn. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ìwé ọ̀gá ti wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba físà, kó máa retí ìpè tirẹ̀.

Mi ò ní í di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ náà. Ta ló kọ́kọ́ wa ìbéèrè láti orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀gbẹ́ni HR tó jókòó síwájú rẹ̀ ni. Ìwé pélébé kan ló ń yọjú wò lábẹ́ tábìlì, òun àti Akọ́sórí sì ń wo ojú ìwé kan náà láti ìhà méjì. Bí iná bá lọ tí kò sì rí ìwé rẹ̀ kà mọ́, òun náà ò ní í mọ èyí tó kàn.

"Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lo fẹ́ wá?" Ibí yìí ni Akọ́sórí ti gbọ́ngbọ́n jù lójú ara rẹ̀. Inú ọkọ̀ ló ti ka ìtàn iléeṣẹ́ náà tán: ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìran wọn, ẹ̀jẹ́ wọn. Ó mọ ẹ̀jẹ́ yẹn ju máníjà lọ. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ní láti yà láàárín ọ̀sẹ̀, ìdáhùn kan náà ló sì ń gbé káàkiri, tó kàn ń pààrọ̀ orúkọ nínú rẹ̀. Nílé búrẹ́dì kan ni orúkọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún wọn tọkàntọkàn pé láti kékeré ni òun ti ń fojú sun ọ̀dà wọn, pé ọ̀dà wọn ló wà lára ògiri ilé àwọn, kì í sì í ṣí. Ìyá oníbúrẹ́dì dúpẹ́.

Nílé ọ̀dà náà gan-an wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. HR ti béèrè tirẹ̀ tán, ó kan ìyá tó ń bójú tó yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀dà funfun ti gbẹ mọ́ ọn léèkánná. Ó ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni o ti fi ọwọ́ ara rẹ pò rí?"

Kò sí nínú àádọ́ta. Akọ́sórí wo àjà. "Ẹ ṣé púpọ̀ fún ìbéèrè yẹn, mà. Mo jẹ́ ẹni tó máa ń tètè kọ́ nǹkan."

"Mo ti gbọ́. Kí lo ti pò rí?"

"Kò tíì sí, mà. Ṣùgbọ́n mo ti múra tán láti kọ́."

Ó ń parọ́ mọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé, gálọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi ló wà níbẹ̀. Òun ló ń ṣe é, òun ló ń tà á fún gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì àti ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì. Ọjọ́ta ibi tó kọjá láìgbójú sókè yẹn ló ti ń ra kẹ́míkà: nitrosol, soda ash, kọ́sítíìkì, sulphonic. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe ṣàn bí omi, kò ki. Ó dà á nù. Ó wá mọ̀ pé wọn kì í da nitrosol sómi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni, kéèyàn máa rò ó láìdáwọ́ dúró, kí ó má baà dì kókókó. Pé omi soda ash tí wọ́n bá fi sí i ló ń mú un ki. Ó mọ̀ pé kọ́sítíìkì gbọ́dọ̀ sùn nínú omi tirẹ̀ mọ́jú. Kọ́sítíìkì pọ̀ nínú ọṣẹ rẹ̀ nígbà kan, ọwọ́ ìyá olóúnjẹ bó, ó lọ bẹ̀ ẹ́, láti ìgbà náà ni kì í ta ọṣẹ tí kò bá tíì fi bébà lítímọ́ọ̀sì yẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gba máàkì lé e.

Nitrosol kan náà yìí ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri, òun ló ń mú un ki tí kì í fi í ṣàn wálẹ̀ lára ògiri. Iṣẹ́ tí ìyá yẹn ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ká ní ọmọ yìí sọ gbólóhùn kan péré nípa ọṣẹ tó kọ̀ tí kò ki, ìyá yẹn ì bá ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Akọ́sórí gbọ́ òwe náà, ó wá lọ fọwọ́ bo iṣu lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìdí tí kò fi sọ ọ́ rèé, mo bi í: ó ní ọṣẹ kì í ṣe "ìrírí." Owó oúnjẹ ni. Ìrírí ni èyí tí wọ́n bá kọ lédè òyìnbó.

Wọn ò gbà á. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n mú, tó sọ fún wọn pé òun máa ń bẹ̀rù ásíìdì, torí náà òun kì í yára dà á. Akọ́sórí rí ibòmíràn ṣá o. Ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì tí wọ́n sì ń fi ọ̀rá bo ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá ṣí lọ́gìbúùkù rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ti ń ṣe "àyẹ̀wò ìjójúlówó ọjà." Ọ̀gá ti buwọ́ lù ú.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má rán an ní owó PDF. Ẹ ní kó jókòó, kó sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń po ọṣẹ olómi. Kí ẹ ti jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀ o, torí kì í tètè parí ọ̀rọ̀ yẹn.