Bàbá Tólú Ra Ẹja, Kò Ra Omi

Ìbàdàn ni ọkùnrin yìí ń gbé. Bàbá Tólú ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, Bàbá Ẹja ni orúkọ rẹ̀ ládùúgbò, ẹ̀rín ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ má wá a jìnnà, òun náà ló ń kọ eléyìí. Ojú ló ń tì í láti sọ pé "èmi ni", ló fi sá pamọ́ sẹ́yìn orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló ti kọ́kọ́ rí àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Àwọn ẹja góòlù ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọn ò kánjú, wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bó ṣe ń wò wọ́n, akokoro tó ń dà á láàmú dákẹ́. Kó tó di Sátidé, ó ti ra àpótí onílítà 100, ó sì gbé e lé orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá Tólú, ṣé tábìlì yẹn á gbà á?" Ìyàwó rẹ̀ ló bèèrè.

"Gíláàsì lásán ni."

Gíláàsì lásán ni lóòótọ́, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi sí i. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kílò 100 nìyẹn, a ò tíì ka gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn; bí ẹni to àpò sìmẹ́ńtì méjì lé ohun tí káfíńtà kàn fún tẹlifíṣọ̀n. Omi ò tíì dé ìdajì tí ẹsẹ̀ tábìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ilé fi gbọ́n omi jáde. Kápẹ́ẹ̀tì mu tiẹ̀ níbẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù ni àpótí wá padà sí.

Òkúta tó fẹ́ tẹ́ sísàlẹ̀ ńkọ́? Ọṣẹ ìfọṣọ ló fi fọ̀ ọ́. Ẹ ò ní fẹ́ mọ bí omi ṣe hó lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ tuntun wọ inú àpótí náà ni ẹja wọ̀ ọ́. Chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí, àmọ́ ẹni tó ta ẹja kò sọ, Bàbá Tólú náà kò bèèrè. Àwọn tó yè é kò pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tólú ń sunkún, ó ń sin òkú ẹja sí ìdí igi máńgòrò. Ìyá àgbà ní ebi ló pa wọ́n, ó sì ń fi búrẹ́dì ṣàánú àwọn tó kù.

Kì í ṣe ebi rárá. Amóníà máa ń jáde láti ara ẹja, pàápàá láti ibi tó fi ń mí, májèlé sì ni. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán náà máa ń jẹrà di amóníà, nítorí náà búrẹ́dì Ìyá àgbà, májèlé lórí májèlé ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n máa ń sọ amóníà di nitrite, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé ọ́síjìn dáadáa. Àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó. Ara òkúta àti fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ni wọ́n ń gbé. Fóòmù yìí gan-an ni Bàbá Tólú ń fi omi ẹ̀rọ ṣan ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tó ń fún un gbẹ, tó ń sá a sóòrùn! Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé ló ń lò.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun alààyè ló ń tún omi ẹja ṣe. Ní 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kéde pé òun sin ẹja góòlù méjì pẹ̀lú ewé omi nínú ìkòkò gíláàsì kan. Nígbà tí ewé náà ń jẹrà, tí gbogbo rẹ̀ ń yọ̀, ìgbín omi ló kó sí i kí wọ́n máa jẹ ohun tó ń jẹrà. Nígbà tó di 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ilé ẹja fún èrò ìwòran. Ó dun Bàbá Tólú pé ẹni tí kò ní iná mànàmáná mọ èyí, tí òun tó ní fóònù lọ́wọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. NEPA mú un lọ lóru ọjọ́ kan tí ooru mú, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́. Omi tó móoru kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní 20°C, lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9, ní 30°C, ó di bíi 7.5. Ẹja ń la ẹnu lókè omi. Jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Ni wọ́n bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: ẹnì kan á fi kọ́ọ̀pù bu omi, á dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn, àfi pé kò sẹ́ni tó sùn.

Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ ra ọmọ ẹja àrọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan ní orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ tààrà, NEPA kò rí tirẹ̀ rò. Ọgbọ́n gidi, àfi pé òru ni àrọ̀ máa ń jẹun, kì í sì í yan ẹran. Ilẹ̀ mọ́, òun nìkan ló kù nínú àpótí, ikùn rẹ̀ rí róbótó.

"Ọmọ mi," Ìyá àgbà ní, "ìgbà wo la máa ra ata?"

Àbúrò kan tó ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì ló gbà á sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ sin omi ná." Àpótí wà lófo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àwọn àlejò ń bèèrè ibi tí ẹja wà. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ní kó fi ẹja góòlù ti Ṣáínà sílẹ̀, kó ra kribensis, tí odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jẹ́ ilé rẹ̀, tí ooru wa kò dẹ́rù bà. Kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n fòò. Inú ihò ló máa ń yé e sí, takọtabo á sì jọ máa ṣọ́ ọmọ.

Èèpo àgbọn ni Bàbá Tólú dà bolẹ̀ fún wọn. Wọ́n yé, wọ́n pa, wọ́n tún yé. Ní báyìí, bí àwọn ará àdúgbò bá rí i tó ń bọ̀ tòun ti ọ̀rá omi lọ́wọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹja ló fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ.